Nọ́ńbà Tí Kò Wá Láti Èkó

Òórùn páálí tuntun, kánfọ̀ àti sípírítì ni òórùn sítọ́ọ̀ wa lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Títí dòní, bí mo bá wọ ilé oògùn kan tí òórùn yẹn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, inú mi á kọ́kọ́ dùn bí ẹni tó padà sílé, lẹ́yìn náà ni àyà mi á já pàì. Ìwọ náà ti bi mí rí pé kí ló dé tí mi kì í lè dúró pẹ́ ní kẹ́míìsì, mo sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Àgbà ti ń dé, ohun téèyàn bá sì fi ẹ̀rín bò, abẹ́ ẹ̀rín náà ló ń wà.

Àwọn ọdún 1980 ló ń parí lọ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, mo ro pé mo gbọ́n, mo sì gbọ́n díẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ ibi tí mo wà ni pé ká gba oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é l'Ékòó, ká sì pín in fún àwọn kẹ́míìsì àti ilé ìwòsàn kéékèèké láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Odògbolú, Ayépé, Ibefún àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn. Ọ̀gá wa jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ apoògùn nílé ìwòsàn ìjọba. Kò gba ìgbàkugbà, kò sì fẹ́ rí eruku lórí ìgò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Sítọ́ọ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń fi pẹ́ńsù há inú gèlè. Káàdì ni Ìyá Sítọ́ọ̀ fi ń ṣọ́ gbogbo ẹrù kí n tó dé. Gbogbo oògùn ló ní káàdì tirẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tó wọlé síbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó gbà á lọ. Dírẹ́bà kan ló ń fi ọkọ̀ ẹrù pín in kiri. Èmi ni ẹnì kẹrin, ọmọ ìwé tí wọ́n gbà nítorí kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò ṣòro rà. Ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí yóò mọ ẹrù wa àti àwọn oníbàárà wa, òun ni ogun wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé Èkó pé bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ ra irú ètò bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló sáré wá. Ọ̀kan tètè rẹ̀, ó ku méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn èèyàn rẹ̀ wọ táì nínú oòrùn Ìjẹ̀bú, wọ́n gbé mọ́tò tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wá, ìwé ìpolówó wọn sì ń dán bí àwo tuntun. Èkejì, ọkùnrin kan ṣoṣo ni, òun pẹ̀lú awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, ó di àwọn díìsì tí ètò rẹ̀ wà nínú wọn sínú láílọ́ọ̀nù kí eruku má bà á wọ̀ wọ́n.

Onítáì bú aláwò, aláwò bú onítáì. Bí ti ibí bá sọ owó kalẹ̀ lónìí, ti ọ̀hún á sọ tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́la, ọ̀gá wa á jókòó, á máa fọwọ́ pa irùngbọ̀n. A gbádùn ìjà yẹn, mi ò ní purọ́. Ẹnì kan nínú àwọn onítáì wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó dáadáa o. Tí ilé-iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni yìí bá pa rẹ́ lọ́la, ta lẹ máa pè?" Èmi ló dá a lóhùn, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í pa rẹ́. Aláwò ti jókòó tì wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wo káàdì Ìyá Sítọ́ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe ètò rẹ̀ bá bí àwa ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Ṣe ni wàá tẹ nọ́ńbà ara ìgò, á sì sọ gbogbo ibi tí páálí kọ̀ọ̀kan lọ fún ọ. Mo rọ ọ̀gá títí ó fi gbà, a sì ra ti aláwò.

Nǹkan méjì wà nípa ètò náà tó yẹ kí o mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń gba nọ́ńbà tuntun. Aláwò ló ń fún wa lórí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bà á jí ètò rẹ̀ dà kọ. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí nọ́ńbà kò wọlé, ètò náà á tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kò mọ ọjọ́ fúnra rẹ̀. Bí mo bá ti tàn án láàárọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé kí lòní, èmi á sì tẹ ọjọ́, oṣù àti ọdún fún un. Ìyá Sítọ́ọ̀ kò yé fi ìyẹn ṣe mí lẹ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó yìí, tí wọ́n kó owó lé lórí," á ní, "kò wá mọ òní?" Mo ń fi pẹ̀lẹ́tù tẹ ọjọ́ mi, ìgbéraga sì kún inú mi, nítorí mi ò ṣì í tẹ̀ rí.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe ìwé àlòkù níbí. Ìwé ọ́fíìsì kì í lọ sórí ààtàn. Àwọn ẹlẹ́pà ló ń rà á lọ́wọ́ akọ̀wé, wọ́n á ká a ní ṣónṣó, wọ́n á fi di ẹ̀pà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe pé ọdún kan, mo sọ fún ọ̀gá pé káàdì ti di ẹrù lásán, kí a tà á. Ìyá Sítọ́ọ̀ jókòó sórí páálí, ó ń wo àwọn ẹlẹ́pà bí wọ́n ṣe ń ru iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà kò sì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èmi tó tó bí lọ́mọ! Láti ìgbà náà, bí oṣù bá ti parí tí mo sì ti tẹ gbogbo ìwé tí a fi gbé ẹrù jáde sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà wọn náà a máa bá ẹlẹ́pà lọ. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rán mi.

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ni lẹ́tà kan wọlé láti Èkó. Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo ṣí i. Àwọn onítáì ló kọ ọ́. Wọ́n ní inú àwọn dùn láti sọ fún wa pé àwọn ti ra ilé-iṣẹ́ aláwò, pé àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan, àti pé láìpẹ́ àwọn kò ní fún ètò àtijọ́ ní nọ́ńbà mọ́. Kí gbogbo oníbàárà wá ra ètò tuntun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjà wọn tí a fi ṣe ìran wò ti parí, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́, àwa la sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí ojú Ìyá Sítọ́ọ̀ níwájú mi, mo sì gbọ́ ohùn ọ̀gá tó ń bi mí pé ta ló ní ká má ra ti onítáì. Mo ká lẹ́tà náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí tábìlì mi. Mo kọ̀wé sí aláwò fúnra rẹ̀, kò fèsì. Mo sọ fún ara mi pé kó tó dìgbà náà, Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà. Irú àdúrà yẹn, àdúrà ọ̀lẹ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló dé. Mo tan kọ̀ǹpútà, ó bi mí pé kí lòní, mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ ṣú fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkókò ti pé, kí n mú nọ́ńbà tuntun wá. Omi tútù dà sí mi lẹ́yìn. Síbẹ̀ mo rò pé mo ṣì lè rí i tún ṣe, kí n fi ọwọ́ kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí n sì sáré lọ pe Èkó. Mi ò tíì dìde tí mọ́tò kan fi dúró lójú títì. Dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ kan tó ń po oògùn l'Ékòó ló wọlé, ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, ó fi lẹ́tà lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá kà á, mo rí i tó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú.

Oògùn ikọ́ ọmọdé ni. Àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ti rọ oògùn tí àgbàlagbà fi ń wá oorun sínú ìgò tó yẹ kí wọ́n rọ oògùn ikọ́ sí. Nọ́ńbà ara ìgò kan pàtó ló kàn, ọgbọ̀n páálí rẹ̀ ni wọ́n sì kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ìyá Sítọ́ọ̀ sáré ka ohun tó kù ní ilẹ̀. Páálí méjìdínlógún ló wà nílé. Méjìlá ti jáde.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Bi kọ̀ǹpútà ẹ wò," ó ní. "Ibo ni méjìlá ọ̀hún wà?"

Mo ṣí àpótí tábìlì. Mo fa lẹ́tà onítáì jáde, mo kúnlẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó wo ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀, ó ká a wẹ́rẹ́, ó sì fi í sí àpò bùbá rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ní òun ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti pe Èkó. Dírẹ́bà wa náà gbé ọkọ̀, ó ní kí òun ṣáà máa yà sí kẹ́míìsì tó bá sún mọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń gbé oògùn fún lé ní ọgọ́ta, inú oko ni òmíràn wà, ọjọ́ méjì gbáko ló máa ń fi yí wọn po. "Páálí ni mò ń gbé," ó ní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, "mi kì í ka ara ìgò."

Ìyá Sítọ́ọ̀ ló fà mí dìde. "Kí wẹ́ jókòó ṣe?" ó fi ohùn Ìjẹ̀bú bi mí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo ta ìwé. Wọn ò lè tíì fi gbogbo ẹ̀ di ẹ̀pà tán."

Bí a ṣe kọrí sí ọjà Òkè-Ajé nìyẹn, èmi pẹ̀lú bàtà kan ní ẹsẹ̀, tí mi ò mọ ibi tí èkejì bọ́ sí. Bí ẹlẹ́pà àkọ́kọ́ ṣe rí wa tí a ń sáré bọ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé lọ́wọ́, ó rò pé wolé-wolé ni wá. Ó gbé igbá karí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. A lé e dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kí Ìyá Sítọ́ọ̀ tó fi èdè Ìjẹ̀bú rọ̀ ọ́ pé ẹ̀pà kọ́ là ń bá jà, ìwé ara rẹ̀ la fẹ́. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n pín ìwé náà. A tú u ní ṣónṣó ṣónṣó, ẹ̀pà ń dà sórí aṣọ, mo ń fi ọwọ́ gbo iyọ̀ kúrò lójú ìwé kí n lè ka nọ́ńbà. Àwọn ènìyàn dúró wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, èmi náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí mo ṣe ń tú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọmọ ni mò ń rí, ọmọ tí ìyá rẹ̀ di imú rẹ̀ mú, tó ń fi ṣíbí bu oògùn fún un.

Ìgbà tí ẹ̀pà tán nínú igbá gbogbo wọn, a ti rí ìwé páálí mẹ́sàn-án. Ó ku mẹ́ta. Ìwé àwọn mẹ́ta yẹn ti bá ọmọ ilé-ìwé lọ, wọ́n ti jẹ ẹ̀pà inú rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ sínú gọ́tà.

A padà dé sítọ́ọ̀ bá ọ̀gá. Ó ti rí Èkó pè. Obìnrin kan ló gbé tẹlifóònù náà lọ́dọ̀ àwọn onítáì, ohùn rẹ̀ sì dùn gan-an. Ó ní ètò àtijọ́ kò sí lábẹ́ ìtọ́jú àwọn mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ra tuntun, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àwọn á ti wá gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá ní òun sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọdé ni. Obìnrin náà ní kí ọ̀gá kọ ìyẹn sí lẹ́tà. Ọ̀gá béèrè aláwò, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mọ́. Ọ̀gá kó ìwé páálí mẹ́sàn-án tó kún fún òróró ẹ̀pà náà fún dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wọlé, ó sì ní kó fò.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Páálí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn tó gbà wọ́n wà níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ wọ́n síbẹ̀, ó sì ń wò mí ṣẹ́ẹ́. Ẹ̀rù tó bà mí, mi ò rí irú rẹ̀ rí, kódà nígbà tí mò ń rọbí àkọ́bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ ọ́ sókè, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, òní nìkan."

Ìyá Sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìn mi, ó ń fi gèlè nu òógùn. "Òní nìkan kẹ̀?" ó ní. "Ta ló sọ fún un pé òní ló pé?"

"Oṣù mẹ́ta ló pé lónìí, mà."

"Mo gbọ́. Ta ló sọ fún un pé òní ni òní?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀."

"Kò ní kàlẹ́ńdà tiẹ̀?"

"Kò ní, mà."

"Pa á, kó o tún un tàn," ó ní. "Tó bá bi ọ́, sọ fún un pé Sátidé tó kọjá la wà. Purọ́ fún un, ọmọ mi. Ọlọ́run á fojú fò ó."

Mo pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì í tẹ̀, èmi tí mi ò ṣì í tẹ̀ rí. Mo tẹ ọjọ́ Sátidé. Ó ṣókùnkùn, ó ń kùn, ó ń kùn. Lẹ́yìn náà ló ṣí sílẹ̀, gbogbo ẹrù wa yọ jáde bí ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ètò tí àwọn ọlọ́gbọ́n méjì jà lé lórí, tí wọ́n torí rẹ̀ ra ara wọn, obìnrin tó ń fi pẹ́ńsù há gèlè ló ṣí i. Páálí méjì wà ní kẹ́míìsì kan ní Odògbolú. Ọ̀kan wà ní Ibefún.

Àwa mẹ́ta la wọ mọ́tò ọ̀gá. Ní Odògbolú, wọn kò tíì tú páálí méjèèjì rárá, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ káńtà. Mo rò pé ẹ̀rù á fi mí sílẹ̀, ṣe ló tún le sí i. Ní Ibefún, oníkẹ́míìsì náà ti tú tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. A ka ìgò inú rẹ̀. Ọ̀kan ti lọ. "Ìyá kan ló rà á," ó ní. "Ilé wọn kò jìn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ yẹn." Ojú rẹ̀ ti yí padà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Obìnrin náà ń fọ aṣọ níta. Ìgò oògùn wà lójú fèrèsé, ṣíbí wà lórí ìdérí rẹ̀. Ìyá náà kò tíì tó ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Ọ̀gá kí i, ó béèrè ọmọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka sí ẹnu kí a má pariwo. "Ó ń sùn, sà," ó ní. "Ikọ́ ò jẹ́ kó sùn lánàá. Oògùn yẹn mà dáa o. Ṣíbí méjì péré, ó ti sùn láti òwúrọ̀."

Ọ̀gá ti wọlé kó tó parí ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin ni, ó tó ọdún méjì. Ọ̀gá gbé e, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn bí aṣọ tí a sá. Ó pè é, kò dáhùn. Ó já a léèékánná nítan, ọmọ náà mí kanlẹ̀, kò la ojú. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Mi ò mọ bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo rántí ni pé Ìyá Sítọ́ọ̀ ń ka mímí ọmọ náà sókè látẹ̀yìn mọ́tò, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bó ṣe máa ń ka páálí, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ kó tó ka èyí tó kàn, èmi á tẹjú mọ́ àyà ọmọ náà.

Àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n mú ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yí kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀gá fa lẹ́tà onítáì jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà. "Tọ́jú ẹ̀," ó ní. Gbogbo ohun tó bá mi sọ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, lọ́jọ́ náà àti títí ó fi papò dà. Nígbà tó yá, a gbọ́ igbe ọmọdé láti inú yàrá, igbe ìbínú, igbe ẹni tí wọ́n jí láìtọ́. Ìyá Sítọ́ọ̀ bú sẹ́kún. Mi ò tíì gbọ́ orin kan tó dùn tó igbe yẹn.

Ìyá ọmọ náà jáde sí wa. Tààrà ló wá sọ́dọ̀ mi, bóyá nítorí pé èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú nínú mọ́tò. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì lórí sìmẹ́ńtì. "Àǹtí, ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ wá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é. Ọmọ tiyín náà ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́." Lẹ́tà yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo fà á dìde, mo ní "Àmín." Mo ní "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún Ọlọ́run." Ìyá Sítọ́ọ̀ wò mí, ó gbójú kúrò.

Kí oṣù náà tó parí, a ra ètò àwọn onítáì, kò kúkú sí ibòmíràn tí a lè lọ mọ́, iye tí wọ́n bá pè la sì san. Aláwò ni wọ́n rán wá láti gbé e kalẹ̀. Ó wọ táì. Kò lè wo ojú mi, èmi náà kò lè wo tirẹ̀, a kàn jọ ń tẹ nọ́ńbà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tó tún tóbi jù wọ́n lọ gbé àwọn onítáì náà mì, lẹ́tà mìíràn tún wá, inú wọn tún dùn láti sọ fún wa. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀, mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀dà ìwé wa sì wà nínú àpótí irin, kò sí ẹlẹ́pà tó lè rí i rà. Níbikíbi tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, bí ẹnì kan bá gbé ètò kọ̀ǹpútà wá polówó, ọ̀rọ̀ onítáì ọjọ́ kìíní ni mo fi ń bi í: tí ilé-iṣẹ́ yín bá pa rẹ́ lọ́la, ta la máa pè? Wọ́n máa ń rò pé mo le ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń lé mi jáde ní kẹ́míìsì. Mo purọ́ fún ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, irọ́ yẹn gba ọmọ kan là, kò gba oorun lójú mi rí. Obìnrin Ibefún yẹn ni mi ò purọ́ fún. Mo kàn dákẹ́ nípa lẹ́tà tí mo fi pamọ́, mo gba ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi, kò sí èyí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú wọn. Bí mo bá gbóòórùn kánfọ̀ àti páálí tuntun, mo máa ń rántí pé àdúrà tirẹ̀ ni, àti pé kò mọ ẹni tó ń ṣe é fún.